Káàdì Àwòrán Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú jáde ní oṣù yìí nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dá lé: bí ènìyàn ṣe lè so mọ́nítọ̀ púpọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù, nítorí náà òun ni yóò gba àyè jù.

*Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ń dúró lóòró, ni mo ń lò, káàdì àwòrán GT 1030, ohun tí ń gbé àwòrán lọ sójú mọ́nítọ̀, sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mọ́nítọ̀ méjì ni mo so mọ́ ọn. Mo ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ CorelDRAW, mo sì yí ojú èkejì sí oníbàárà kí ó lè máa wo bí kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ìsìnkú rẹ̀ yóò ti rí. Mo fẹ́ fi méjì kún un: ọ̀kan fún WhatsApp tí àwọn oníbàárà fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ọ̀kan fún kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n ra káàdì kejì, kí n sì wá afárá tí wọ́n fi ń so káàdì méjì pọ̀, kí agbára wọn lè di ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, kí n kàn ra ohun tí ń pín HDMI sí ọ̀nà mẹ́rin. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?*
*Atẹ̀wé, Arákalẹ̀, Àkúrẹ́*

Ọ̀gá atẹ̀wé, ẹ kú làálàá. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ọ̀kan kò kàn yín rárá, ìdajì èkejì sì ni ó tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti apín-HDMI kúrò lọ́nà. Ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní splitter, àwòrán kan ṣoṣo ni ó ń gbà wọlé, àwòrán kan náà ni ó sì ń tú jáde láti ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá so mọ́nítọ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, iṣẹ́ CorelDRAW yín ni gbogbo wọn yóò máa fi hàn, kò sí èyí tí yóò gbé WhatsApp lọ́tọ̀. Ó ní ibi tí ó ti wúlò, a óò dé ibẹ̀ nínú lẹ́tà kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìsọ̀ yín.

Ti afárá ńkọ́? SLI ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2004 ni Nvidia, ilé iṣẹ́ tí irú káàdì yín ti wá, gbé e jáde nítorí àwọn tí ń gbá géèmù, kí káàdì méjì tí ó jọra lè pín iṣẹ́ yíya àwòrán kan ṣoṣo láàárín ara wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń wá. Kódà, nígbà tí SLI wà lóde, ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé bí wọ́n bá ti tàn án, mọ́nítọ̀ tí wọ́n so mọ́ káàdì kejì a máa kú lójú ẹsẹ̀, nítorí káàdì náà ti di ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. GT 1030 tiyín kò tilẹ̀ ní ibi tí a ti ń fi afárá sí. Ẹni tí ó ń fẹ́ mọ́nítọ̀ púpọ̀, kí káàdì kọ̀ọ̀kan dá dúró kí ó sì máa bójú tó mọ́nítọ̀ tirẹ̀ ni ó ń fẹ́. Káàdì kejì kò fi agbára kún agbára. Ilẹ̀kùn ni ó fi kún ilẹ̀kùn. Bí CorelDRAW yín bá ń falẹ̀ lónìí, káàdì kejì kò ní mú un yára.

Kí ẹ tó náwó, ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni iye àwòrán tí káàdì tí ẹ ní lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi iye ihò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣírò rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. Àwòrán méjì péré ni GT 1030 lè gbé. GT 710, tí agbára rẹ̀ kéré sí i, tí ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ orí, lè gbé mẹ́ta. Láti ọdún 2012 ni àwọn káàdì Nvidia tí ń gbé mẹ́rin ti wà, AMD, tí ó ń bá Nvidia du ọjà, sì ti ní káàdì Radeon tí ń gbé mẹ́fà láti ọdún 2010, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ kí a gba ojú DisplayPort, irú ihò àwòrán tí ó yàtọ̀ sí HDMI, kí ó tó lè ju méjì lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àìdára wáyà ni kò jẹ́ kí mọ́nítọ̀ kẹta ṣiṣẹ́ lára káàdì yín, bí ẹ bá ti dán an wò rí. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ́bọ̀ kan má jáde lápò yín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel ní ẹ̀rọ àwòrán tirẹ̀ nínú, láti ọdún 2012 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lè gbé mọ́nítọ̀ mẹ́ta. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín dáadáa. Yàtọ̀ sí ihò ara GT 1030, ẹ óò rí òmíràn lókè, níbi tí ihò USB àti ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tò sí. Ó lè jẹ́ VGA, ó lè jẹ́ DisplayPort tàbí HDMI. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkú ihò ni ìwọ̀nyí, nítorí nígbà tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, dúdú ni mọ́nítọ̀ ń ṣe. Kò kú. Nígbà tí a fi káàdì sínú ẹ̀rọ ni BIOS, ètò tí ó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà, ti pa á fúnra rẹ̀, nítorí ó rò pé ẹni tí ó ra káàdì kò nílò ti inú mọ́.

Bí a ti ń ṣí i nìyí. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F2, F10 tàbí Delete, ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, títí BIOS yóò fi ṣí. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ àwòrán wà. Àwọn kan kọ Multi-Display síbẹ̀, àwọn kan kọ iGPU Multi-Monitor, àwọn kan kọ Internal Graphics. Ẹ yí i sí Enabled, ẹ jẹ́ kí káàdì tí ẹ fi sí i ṣì jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ pa á mọ́, kí ẹ sì jáde. Nígbà tí Windows bá dìde, yóò rí ẹ̀rọ àwòrán kejì, ẹ óò sì fi dráífà Intel, ètò tí ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, sí i bí kò bá wá a fúnra rẹ̀. GT 1030 yóò máa gbé méjì, Intel yóò máa gbé méjì, mọ́nítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Káàdì àwòrán méjì náà ni ẹ ń lò yẹn, a kàn ti san owó ọ̀kan mọ́ ti processor ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí èyí kì í ti í ṣeé ṣe. Àwọn processor Intel tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọn kò ní ẹ̀rọ àwòrán nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Ryzen àtijọ́, ìyẹn processor AMD, tí kò ní lẹ́tà G. Àwọn BIOS kan tún wà tí kò fún ènìyàn ní àǹfààní yìí rárá. Bí tiyín bá bọ́ sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ìgbà náà ni kí a wá sọ̀rọ̀ káàdì tí à ń rà lọ́jà.

Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bóyá ihò gígùn kejì, tí a ń pè ní x16, wà lórí motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, bóyá kò sí. Bí èyí tí ó kù bá jẹ́ kékeré tí a ń pè ní x1, ẹ má sọ̀rètí nù, nítorí oríṣi GT 710 kan wà tí a ṣe fún ihò kékeré yẹn, ó sì tó fún WhatsApp àti kámẹ́rà láìsí wàhálà. Ẹ tún fi rúlà wọn gíga àpótí náà. Èmi fúnra mi ti ra káàdì kan rí, inú mi dùn dé ilé, àfi ìgbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí mo fẹ́ fi í sí tí mo rí i pé irin ẹ̀yìn káàdì náà ga ju ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ. Ọlọ́jà kò gbà á padà. Irin kúkúrú wà fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn bèèrè fún un kí ó tó sanwó ni.

Ní ti agbára iná, ihò x16 kì í fún káàdì ju wáàtì 75 lọ. GT 1030 ń jẹ bíi 30, GT 710 ń jẹ 19, nítorí náà power pack tòkunbọ̀ yín yóò gbé méjèèjì láìmí gúlegúle. Ẹ sá fún káàdì ńlá tí ó ń béèrè wáyà iná tirẹ̀, nítorí power pack àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ irú Dell àti HP sábà máa ń kéré, ìrísí rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀, kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè rọ́pò láàárọ̀ kan.

Ohun tí ó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni dráífà. Láti ìgbà Windows 98 ni Microsoft ti gbà kí mọ́nítọ̀ tó mẹ́sàn-án wà lára kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí Vista dé ní ọdún 2007, òfin rẹ̀ le: dráífà kan náà ni gbogbo káàdì inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa lò. Ẹni tí ó fi Nvidia àti Radeon sínú àpótí kan nígbà náà, ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa wò bọ̀ọ̀. Windows 7 tú òfin yẹn ká ní ọdún 2009, láti ìgbà náà sì ni Intel, AMD àti Nvidia ti lè jókòó pọ̀. Wàhálà tí ó wá kù ni ti káàdì méjì tí ó jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ kan náà ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra. Windows kì í fẹ́ gba dráífà Nvidia méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan tí yóò mọ káàdì méjèèjì ni ẹ gbọ́dọ̀ rí. Ní ọdún 2021 ni Nvidia dẹ́kun ṣíṣe ẹ̀yà dráífà tuntun fún ìran Kepler, tí GT 710 wà lára rẹ̀, ẹ̀yà 470 sì ni ó kẹ́yìn. Ẹ̀yà náà mọ GT 1030 yín pẹ̀lú, nítorí náà àwọn méjèèjì lè gbé pọ̀. Ẹni tí ó bá ní RTX 4060, káàdì Nvidia tí ó dé lẹ́yìn náà, tí ó sì fi GT 710 tì í, kò sí dráífà kan tí yóò mọ àwọn méjèèjì. Ti GT 730 tún burú díẹ̀ sí i, nítorí oríṣi méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀kan láti ìran Kepler, èkejì láti ìran Fermi tí ó ti darúgbó jù ú lọ, ara páálí kò sì ní sọ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn mi, ẹ ra GT 1030 kejì tí ó bá ihò yín mu, kí ọ̀rọ̀ dráífà má tilẹ̀ jẹ yọ.

Káàdì irọ́ náà wà lọ́jà. Wọ́n a mú káàdì àtijọ́, wọ́n a yí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ padà kí ó máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi í sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì ṣí GPU-Z, ètò tí ń sọ irú káàdì tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì sábà máa ń kọ FAKE sí iwájú orúkọ irú wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn mọ́nítọ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún un lè jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní ju VGA lọ, nítorí irú wọn ni ó pọ̀ tí ó sì dínwó. Ihò DVI ara GT 1030 kì í gbé VGA. Ẹ wò ó: kò ní àwọn ihò tín-ín-rín mẹ́rin tí ó yẹ kí ó yí ojú ihò pẹlẹbẹ yẹn ká. Ìdérí kékeré olówó pọ́ọ́kú tí ń sọ DVI di VGA kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Converter tí ó ní ẹ̀rọ nínú, tí ń sọ HDMI tàbí DisplayPort di VGA, ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bí ihò VGA bá wà lókè lára motherboard, ibẹ̀ ni kí mọ́nítọ̀ kámẹ́rà lọ ní tààrà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tàn, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí ojú Windows, ẹ wọ Display settings, ẹ tẹ Identify kí ẹ rí nọ́ńbà mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi máòsì tò wọ́n bí wọ́n ti tò lórí tábìlì. Èyí tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ CorelDRAW ni kí ẹ sọ di àkọ́kọ́, lára GT 1030 ni kí ó sì wà. Fídíò tí ẹ bá ṣí lórí mọ́nítọ̀ káàdì kan tí ẹ sì wọ́ lọ sórí ti káàdì kejì lè máa ta gìrìgìrì díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ní láti máa ṣe ẹ̀dà àwòrán láti inú káàdì kan sí èkejì. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Mọ́nítọ̀ oníbàárà ni ó kù tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni owó yín wà. Bí ó bá jẹ́ HDMI ni ẹ fi so ó, káàdì Nvidia lè rò pé tẹlifíṣọ̀n ni, kí ó sì máa fi àwọ̀ tí a ti dín kù ránṣẹ́ sí i. Dúdú yóò dà bí eérú, àwọ̀ àlùkò aṣọ ẹbí yóò ṣá, oníbàárà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà pé iṣẹ́ yín kò dán. Ẹ ṣí Nvidia Control Panel, ẹ lọ sí Change resolution, kí ẹ yí Output dynamic range láti Limited sí Full.

Ní ti iná: mọ́nítọ̀ ínṣì 22 sí 24 ti òde òní ń jẹ bíi wáàtì 20 sí 30, mẹ́rin yóò jẹ́ bíi 100, kí a tó ka kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. UPS 650VA kì í sábà gbé ju wáàtì 360 sí 390 lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ CorelDRAW nìkan ni kí ẹ ki bọ̀ ọ́. Àwọn yòókù lè kú bí iná bá lọ, kò sí ohun tí yóò sọnù.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo ń mójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìlú Oǹdó. Láptọ́ọ̀pù kan tí ó ní ihò HDMI kan ni a ń lò. A ní projẹ́kítọ̀ kan, tẹlifíṣọ̀n méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, àwọn akọrin sì tún ń béèrè fún mọ́nítọ̀ kan níwájú wọn kí wọ́n lè rí orin tí ó kàn. Ṣé káàdì àwòrán méjì kò ní tó? Àbí kí ìjọ ra kọ̀ǹpútà ńlá?*
*Ọmọ yín, Oǹdó*

Ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má ka ojú tí ń fi àwòrán hàn. Ẹ ka àwòrán. Projẹ́kítọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, ohun kan náà ni ìjọ fẹ́ rí lórí wọn, nítorí náà àwòrán kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Splitter tí mo lé jáde ní Arákalẹ̀, tiyín ni. Ti àwọn akọrin ni àwòrán kejì, ojú láptọ́ọ̀pù tí ẹ̀yin ń wò ni ìkẹta. Ìyẹn ni pé ihò kan péré ni ẹ ṣaláìní.

Káàdì kò ṣeé fi sínú láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n adápítọ̀ USB tí ó ń lo DisplayLink yóò ṣe iṣẹ́ náà. Processor ni yóò máa ká àwòrán náà pọ̀ tí yóò sì fi gba ojú USB jáde, nítorí náà ó dára fún ọ̀rọ̀ orin, kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún fídíò; ti akọrin ni kí ó lọ, kí HDMI gidi máa lọ sọ́dọ̀ ìjọ. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o. Ohun kékeré kan wà tí ó ní USB ní ìdí kan, HDMI ní ìdí kejì, tí owó rẹ̀ sì rọjú púpọ̀, àmọ́ gbígba àwòrán kámẹ́rà wọlé ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í gbé nǹkan kan jáde. Bí ọ̀rọ̀ capture bá wà lára páálí, ẹ dá a padà.

Wáyà HDMI lásán tí ó bá ti kọjá bíi mítà 15 kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí àga ìwàásù bá jìnnà sí ibi tí ẹ jókòó sí, ẹ lo extender tí ń gba inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Cat6. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P, kí ẹ sì yan Extend. Bí ẹ bá yan Duplicate, gbogbo ìjọ ni yóò máa ka ìfiránṣẹ́ WhatsApp yín.

*Láptọ́ọ̀pù mi ní Intel àti Nvidia nínú. Ṣé káàdì méjì nìyẹn, ṣé mo lè so mọ́nítọ̀ mẹ́fà mọ́ ọn?*
*Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA, Àkúrẹ́*

Méjì ni lóòótọ́, ẹ óò sì rí GPU 0 àti GPU 1 nínú Task Manager, ṣùgbọ́n wọn kò pín ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù láti ọdún 2010 tí Nvidia ti gbé Optimus jáde, Nvidia a ya àwòrán, a sì fà á lé Intel lọ́wọ́ kí ó gbé e sójú. Iye ihò tí a ṣe sí ara láptọ́ọ̀pù náà àti iye tí Intel lè gbé, tí ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀, ni ó pàṣẹ. Ẹ wo ihò USB-C yín bóyá àmì DisplayPort, tí ó dà bí lẹ́tà D àti P, tàbí àmì mànàmáná ti Thunderbolt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, mọ́nítọ̀ méjì lára HDMI àti USB-C ṣeé ṣe láìra ohunkóhun ju wáyà lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yá wáyà USB-C sí HDMI lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ dán an wò kí ẹ tó ra tiyín.